Afẹ́fẹ́ Gbígbẹ La Ní Láti Tà

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú fi obìnrin kan jẹ ọ̀gá pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ kò mọ̀ bóyá kí wọ́n kí i kú oríire ni tàbí kí wọ́n bá a kẹ́dùn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé pápákọ̀ náà ti ń kú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni bàálù ń balẹ̀ síbẹ̀ lọ́sẹ̀, bàálù náà kò sì ju kékeré lọ. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ jù, wọ́n á tó mẹ́tàdínlógún. Gbọ̀ngán tí wọ́n kọ́ fún igba èèyàn, àwọn tó ń gbá a pọ̀ ju àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tí ariwo ilé kò bá jẹ́ kó sùn, kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, kó na gbọọrọ sínú gbọ̀ngán náà, kò sẹ́ni tó máa jí i.

Ẹ̀fẹ̀ yẹn kò bí obìnrin náà nínú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìṣọ́ gíga, níbi tí wọ́n ti ń fi rédíò bá àwọn awakọ̀ bàálù sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ fún wọn bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti ìgbà tí wọ́n lè balẹ̀. Ìyá Bàálù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ga, ohùn rẹ̀ balẹ̀, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti lè sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Kò tíì lo oṣù méjì lórí àga nígbà tí olórí ìlú ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Olórí ìlú yìí kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tó fẹ́ràn kí nǹkan dùn ún wò, tó sì máa ń fi ìka nu eruku orí tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n tẹ́ bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sórí tábìlì, àwòrán ilé alájà mẹ́rin-mẹ́rin ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó ni àwòrán náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ́ńtírákítọ̀ ni. Onílé-Gogoro ni ìlú ń pè é, torí kò lè rí ilẹ̀ gbalasa kó má wù ú láti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí.

"Ìyá Bàálù, ẹ wò ó," ni olórí ìlú wí. "Ọdọọdún là ń gbé owó ìlú dà sínú pápákọ̀ yín bí ẹni ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe tán láti ra ilẹ̀ náà. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Àwọn òṣìṣẹ́ mi ńkọ́, sà? Èèyàn mọ́kànlélógójì ni wọ́n."

"A ó wá nǹkan ṣe fún wọn."

Ìyá Bàálù wo àwòrán náà. Ó rí ibi tí wọ́n ya igi ẹlẹ́wà sí, ibẹ̀ gan-an ni ilé-ìṣọ́ rẹ̀ wà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí èèyàn bá ta títì tí bàálù ń balẹ̀ sí, kò lè rí òmíràn rà mọ́ láéláé. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́fà. Mo máa wá olówó tó máa fi owó ara rẹ̀ dókòwò níbẹ̀, tí ilẹ̀ náà á ṣì jẹ́ ti ìlú."

Onílé-Gogoro rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa fi owó rẹ̀ síbi tí ẹyẹ ti pọ̀ ju bàálù lọ?"

"Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n," ni èsì tó fún un. "Ẹ̀rí wà pé ẹyẹ ti rí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹ̀yin ò tíì rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún un ní oṣù mẹ́fà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe ló kọ́kọ́ ṣe. Ó lọ bá àwọn tó ni ọkọ̀ bàálù èrò. Mẹ́ta ló lọ bá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un lómi tútù mu, wọ́n yin aṣọ rẹ̀, wọ́n sì kọ̀. Ẹni ìkẹyìn tilẹ̀ káàánú rẹ̀. Ó ní, "Mà, tí a bá fi bàálù kẹta kún un, mẹ́tàdínlógún yẹn náà la máa pín sí mẹ́ta. Èrò kì í tinú bàálù jáde. Ìdí gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n fi ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, torí òótọ́ ni.

Etí òkun ni ilé-iṣẹ́ ẹni ìkẹyìn yìí wà, ní ìlú ńlá kan. Nígbà tí Ìyá Bàálù ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e padà sílé, ó jókòó sí ojú fèrèsé ní pápákọ̀ ibẹ̀. Ó rí bàálù ńlá mẹ́rin lórí ìlà níta, wọn kò níṣẹ́ kankan. Àwọn ọkùnrin méjì gun àkàbà sí abẹ́ apá ọ̀kan, wọ́n ń họ ọ́. Họ-họ-họ. Ó bi obìnrin tó jókòó tì í léèrè pé kí ni wọ́n ń họ. Obìnrin náà, tó wọ aṣọ iṣẹ́ ibẹ̀, ní, "Ìpẹtà ni, mà. Afẹ́fẹ́ òkun yìí, iyọ̀ ló kún inú ẹ̀. Bàálù tó bá dúró síbí fún oṣù méjì láìfò, wọ́n á fi oṣù kan họ ọ́. Kò sì sí ilé tó máa gba gbogbo wọn."

Ìyá Bàálù dúpẹ́, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Tàbí ká ní ó rò pé òun ti gbàgbé rẹ̀.

Ìlú tiwọn wà lórí òkè pẹrẹsẹ, ó jìnnà sí òkun. Oṣù mẹ́ta péré ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún. Ìyókù, gbígbẹ ni. Ètè á máa bó, gìgísẹ̀ á máa là, aṣọ tí èèyàn sá láàárọ̀ á ti gan kó tó fọ àwo tán. Kò sí àlejò tó dé ibẹ̀ tí kì í ráhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, Ìyá Bàálù bá Bàbá Panápaná níwájú gáréèjì, ó ń fọ ọkọ̀ panápaná rẹ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Bàbá Panápaná, òun sì ni olórí àwọn tó ń dúró de iná ní pápákọ̀ náà. Láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀, iná kan ṣoṣo ló ti pa: igbó tó jó nígbà tí ẹnì kan ju ìdí sìgá síbẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń fọ ọkọ̀ náà bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Wọ́n gbà?"

"Wọn ò gbà."

"Ahun ni gbogbo wọn. Gba kànìnkànìn yìí, bá mi nu abẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀yìn mi ò tẹ̀ mọ́."

Bí ọ̀gá pápákọ̀ ṣe tẹ̀ wólẹ̀ nìyẹn tòun ti bàtà gíga, tó ń nu abẹ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fi ìka tọ etí irin náà. Ó ń dán. Ó lọ sí ìlẹ̀kùn kejì, ó fi ọwọ́ pa á. Kò rí ìpẹtà kankan.

"Bàbá, ọdún wo ni ọkọ̀ yìí dé?"

"Ọdún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ó pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ìgbà mélòó lẹ ti kùn ún lọ́dà?"

"Ọ̀dà wo? Ọ̀dà tó gbé wá láti ilé wọn ló wà lára ẹ̀ yẹn. Ta ló fẹ́ fún mi lówó ọ̀dà?"

Ìyá Bàálù dìde díẹ̀díẹ̀. Bàbá rò pé ẹ̀yìn ń dùn ún ni. Àṣé ọ̀rọ̀ obìnrin tó jókòó tì í lójú fèrèsé ló ń padà bọ̀, pẹ̀lú ìró họ-họ-họ abẹ́ apá bàálù.

"Bàbá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ gba pápákọ̀ yìí là."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò kun ọkọ̀ yín lọ́dà."

Ó fi Bàbá sílẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ẹnu yíyà, ó gun àtẹ̀gùn ilé-ìṣọ́ lọ sókè. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan ni àwọn ìwé ojú ọjọ́ wà. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ bí ooru ṣe tó, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, bí ọ̀rinrin ṣe wà nínú afẹ́fẹ́ sí, àti bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó. Ìwé ọdún mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìkọ̀wé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún ṣí wọn wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kún.

Ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó gbé wọn lọ sílé. Tíṣà ìṣirò ni ọkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, ó bá tábìlì ìjẹun rẹ̀ tó kún fún ìwé eléruku.

"Ṣé o fẹ́ ká máa jẹ ìwé ni?"

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣírò ni. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ mélòó lọ́dún tí ọ̀rinrin ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, àti ọjọ́ mélòó tí eruku ń bo ojú ọ̀run. Ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò fẹ́ àbùmọ́ o."

Ọkọ rẹ̀ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fa àga. Ẹni tó bá fẹ́ rí inú dídùn tíṣà ìṣirò, kó gbé nǹkan tó ṣeé kà fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, gbogbo rẹ̀ wọ ojú bébà kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ ìlú wọn gbẹ ju ti etí òkun lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọjọ́ eruku, mọ́kànlá péré lọ́dún.

"Mọ́kànlá yìí, ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. "Ó lè lé wọn sá."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tóbi."

Ní etí òkun yẹn kan náà, obìnrin kan wà tó ni ilé-iṣẹ́ tó ń tún bàálù ṣe. Màmá Ẹ́ńjìnnì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, irun rẹ̀ funfun báláú, gíríìsì kò sì kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Ìyá Bàálù kọ lẹ́tà sí i, kò fèsì. Ó kọ òmíràn, kò fèsì. Ìgbà kẹta, ó gbé ara rẹ̀ lọ.

Inú ariwo ló bá a. Bàálù méjì wà nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, mẹ́sàn-án ń dúró níta nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀. Màmá Ẹ́ńjìnnì ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò kan, kò sì yọjú.

"Ìwọ lò ń kọ lẹ́tà?"

"Èmi ni, mà."

"O ní pápákọ̀ tí kò sí bàálù níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin sì ní bàálù tí kò síbi tẹ́ ẹ máa gbé e sí."

Màmá Ẹ́ńjìnnì yọ orí jáde. Ó wo Ìyá Bàálù láti òkè délẹ̀, ó nawọ́ gba bébà náà, ó kà á lórí ìdúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, mà, láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ọkọ mi ló ṣírò rẹ̀."

"Títì tí bàálù ń balẹ̀ sí ńkọ́? Má parọ́ fún mi."

"Ó gùn tó fún bàálù yòówù tẹ́ ẹ bá ní. Ṣùgbọ́n ó ti là ní ìpẹ̀kun kan, ní apá ìlà-oòrùn, bí ogóje ẹsẹ̀ bàtà. A kì í lo ibẹ̀. Ẹ máa ní láti tún un ṣe kí bàálù tó wúwo tó lè máa lò ó."

"Gbogbo èèyàn tó ń tajà fún mi, ojú ọ̀nà tiwọn kì í là."

"Tiwa là, mà."

Màmá Ẹ́ńjìnnì ká bébà náà, ó fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Mo máa wá wò ó. Mi ò ní sọ ọjọ́. Mi ò fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mi ò fẹ́ òdòdó."

Ṣùgbọ́n nígbà tí olórí ìlú gbọ́, kò lè gbára dúró. Ó ní kí wọ́n kun gbọ̀ngán. Ó ní kí wọ́n wá òdòdó. Èyí tó wá burú jù, ó ní kí wọ́n máa kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú wá jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú báàgì, kó lè dà bíi pé èrò pọ̀.

"Báàgì òfìfo, sà?" ni Ìyá Bàálù bi í.

"Wọ́n lè kó aṣọ sí i."

"Sà, ìyá yìí kò wá ra èrò. Ibi tó ṣófo ló wá rà. Tẹ́ ẹ bá fi èrò kún ibẹ̀, ẹ ti ba ọjà wa jẹ́ nìyẹn."

Olórí ìlú fi ìka nu eruku orí tábìlì. Ó ní kí wọ́n ṣì kun ẹnu ọ̀nà ṣá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí oṣù mẹ́fà pé, ìkéde dé láàárọ̀ ọjọ́ kan: bàálù kékeré kan ti gbéra láti etí òkun, Màmá Ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, wọ́n á dé láàárín wákàtí méjì. Ìyá Bàálù wo ojú fèrèsé. Ojú ọ̀run àríwá ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ màlúù. Nínú ọjọ́ eruku mọ́kànlá tó wà nínú ọdún, ọ̀kan nìyẹn.

Kí bàálù náà tó dé, eruku ti bo gbogbo pápá. Láti orí ilé-ìṣọ́, ojú kò rí ìdajì títì mọ́. Olórí ìlú ti sáré dé, ó gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú èémí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ìyá Bàálù ti gba àga lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti gbé rédíò létí. Wọn kò tíì gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn awakọ̀ dé, ó ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè balẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó balẹ̀," ni olórí ìlú sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Tó bá padà, kò ní wá mọ́. Onílé-Gogoro ti wà ní ọ́fíìsì mi láti àárọ̀."

Ìyá Bàálù gbé ọwọ́ kan sókè, ó ní kó dákẹ́. Ó bi awakọ̀ náà bí epo rẹ̀ ṣe kù sí. Epo wákàtí mẹ́ta ló kù. Ó ní, "Ẹ má balẹ̀. Mo tún un sọ, ẹ má balẹ̀. Ẹ gòkè síbi tí ojú ti mọ́, kí ẹ máa yí po. Eruku àríwá ni. Kì í kọjá agogo méjìlá. Ẹ fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú."

Lẹ́yìn náà, ohùn mìíràn ni wọ́n gbọ́, ohùn àgbà obìnrin. "Ta ló sọ pé kì í kọjá agogo méjìlá?"

"Èmi ni, mà. Nínú igba ó lé mẹ́sàn-án tí mo ti kọ sílẹ̀, márùn-ún péré ló kọjá rẹ̀. Tí èyí bá jẹ́ ìkẹfà, epo yín á gbé yín padà délé. Mo ti ṣírò ìyẹn náà."

"Ó dáa. A ń yí po."

Olórí ìlú jókòó sórí àpótí kan. Ìyá Bàálù kò wo aago. Ó ń wo ọ̀pá tí wọ́n fi aṣọ rọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti fi mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Ẹ̀rù ń bà á o, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ti ohun tó mọ̀. Ó mọ afẹ́fẹ́ yẹn bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí agogo méjìlá lù, aṣọ orí ọ̀pá náà rọ̀, ó sorí kodò. Wọ́n kọ́kọ́ rí ọgbà, wọ́n rí títì, wọ́n wá rí òkè òdìkejì. Bàálù kékeré náà yọ láti ojú oòrùn, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹyẹlé.

Màmá Ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀, ó kọjá lára òdòdó tí olórí ìlú gbé dání, ó lọ bá Ìyá Bàálù tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé-ìṣọ́.

"O mọ̀ pé bí mo bá padà lọ, mo lè má wá mọ́."

"Mo mọ̀, mà."

"O sì ní ká má balẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹ̀, mà. Ta ni màá tà á fún tí ẹ bá kú?"

Ìyá àgbà náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbá orókún. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí ibi tó là.

Ó rin títì náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lábẹ́ oòrùn. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi tó là, ó fi ìka wọ̀n ọ́n. Ó wo gáréèjì, ó yọ tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ panápaná lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Bàbá Panápaná bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

"Ṣé ó fẹ́ tú u ni?" ló sọ sí etí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó ń yẹ ilé ọkọ wò ni, Bàbá."

Nínú ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Màmá Ẹ́ńjìnnì fẹ́ ra ìdajì ilẹ̀ náà pátápátá. Ó máa kọ́ ilé bàálù mẹ́ta, ó máa tún títì ṣe, ó sì máa kó òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá.

"Ilẹ̀ kò ṣeé tà, mà," ni Ìyá Bàálù wí. "A lè yá yín ní ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tó bá pé, tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ bi."

"Ta ló máa ná irú owó yìí sórí ilẹ̀ onílẹ̀?"

"Ẹni tí bàálù mẹ́sàn-án rẹ̀ ń dípẹtà níta lónìí."

Olórí ìlú tó jókòó tì wọ́n gbọ́ èyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ṣùgbọ́n Màmá Ẹ́ńjìnnì kò bínú. Ó ní, "Òṣìṣẹ́ ńkọ́?"

"Mọ́kànlélógójì ló wà níbí. Ẹ kọ́ àwọn tó bá fẹ́ níṣẹ́, kí ẹ fún wọn ní ọdún méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún méjì, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un. Kí bàálù èrò wa méjèèjì sì máa wá bó ṣe ń wá."

"Méjì tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀?"

"Àwọn aláìsàn tó ń lọ sí ọsibítù ńlá ń wọ̀ ọ́, mà. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà."

Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀. Nígbà kan, Màmá Ẹ́ńjìnnì dìde, ó ní òun ń lọ. Ìyá Bàálù náà dìde, ó ní kí òun sìn ín dé ìdí bàálù, ojú ọ̀run ti mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá àgbà náà tún jókòó.

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kéré. Ọgbọ̀n."

"Ọgbọ̀n, tẹ́ ẹ bá gba òṣìṣẹ́ mi."

"O le o."

"Ilé-ìṣọ́ ló kọ́ mi, mà."

Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ kejì. Gbogbo ìjókòó ló kún. Ìyá Bàálù dúró, ó ka àdéhùn náà fún wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tí kò rọrùn fún ìlú. Ó sọ pé ọdún méjì àkọ́kọ́ kò ní mú èrè kankan wá. Ó ní ẹni tó bá ń retí bàálù ńlá tó ń kó èrò lọ sókè òkun, kó lọ sinmi ná. Nígbà tí wọ́n ní kí Onílé-Gogoro sọ tẹnu rẹ̀, ó dìde, ó fọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn ń retí ìjà.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ló wí. "Àwọn ilé bàálù mẹ́ta yẹn, ta ló máa kọ́ wọn?"

Yàrá náà gbọ̀n fún ẹ̀rín. Èèyàn mẹ́sàn-án gbà, méjì kọ̀. Onílé-Gogoro sì bá àwọn kọ́ńtírákítọ̀ yòókù du iṣẹ́ náà, ó gbé ìṣirò tó dáa wá, ó rí ọ̀kan gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ráhùn nígbà tó gbọ́ pé kò ní ju àjà kan lọ.

Kò rọrùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin kò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tuntun, wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n lọ. Ọ̀kan nínú wọn kò kí Ìyá Bàálù mọ́ títí dòní. Títì ìlà-oòrùn gba oṣù kan ju bí wọ́n ṣe pinnu lọ. Ṣùgbọ́n bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí èrò nínú wọn. Wọ́n ń tò wọ́n sórí pápá pẹ̀lú aṣọ pupa tí wọ́n fi bo imú ẹ́ńjìnnì wọn nítorí eruku. Nígbà tí ọdún fi yípo, wọ́n ti pé mẹ́rìnlá. Àwọn mẹkáníìkì tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàálù ọjọ́ méjì yẹn. Ilé-iṣẹ́ bàálù èrò tó káàánú Ìyá Bàálù lọ́jọ́sí kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ọjọ́ kẹta kún un.

Lọ́jọ́ tí bàálù àkọ́kọ́ tí wọ́n tún ṣe látòkèdélẹ̀ níbẹ̀ máa fò lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tò sí etí ọgbà. Obìnrin kan tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó fún nọ́ọ̀tì apá bàálù náà le, ó ti kó gbogbo ẹbí rẹ̀ wá. Ìyá Bàálù ti pinnu pé òun máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò mẹ́ta wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá tútù tí wọ́n á máa kó oògùn sí, ọ̀rọ̀ wọn sì gùn. Ó ń tọ́ka sí ojú àwòrán ilẹ̀ náà lọ́wọ́, ó ń fi ibi tí wáyà iná máa gbà hàn wọ́n, nígbà tí gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ó gbé ọwọ́ kan sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná."

Ó rìn lọ sójú fèrèsé, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró síbẹ̀ títí ìró bàálù náà fi ré kọjá òkè.